Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń kọ́ nípa Gothic: màmá mi ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ni

Àbẹ̀kẹ́_Gègé

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan.

Mò ń kàwé gboyè kejì nínú lítíréṣọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n kọ àkópọ̀ ìwádìí mi ránṣẹ́ sí International Gothic Association, IGA, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń kọ́ nípa irú ìwé ìtàn ẹ̀rù tí wọ́n ń pè ní Gothic, nítorí àpéjọ wọn. Inú mi dùn, mo sọ fún mọ́mì. Mọ́mì gbé fóònù tiwọn, wọ́n tẹ "gothic" sórí Google. N ò tíì jẹun tán tí àwòrán mẹ́ta fi wọlé lórí WhatsApp: ọmọbìnrin kan tó fi nǹkan dúdú kun ètè, ọkùnrin kan tí irin kún imú rẹ̀, àti ibojì. Wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ṣé torí èyí la ṣe ta ilẹ̀ Ìjẹ̀bú?"

Báwo ni kí n ṣe ṣàlàyé ẹgbẹ́ yìí fún wọn?

Ọ̀rọ̀ kejì ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ìwé Helen Oyeyemi tí wọ́n ń pè ní The Icarus Girl ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ìbàdàn ni wọ́n bí Oyeyemi sí, Lọ́ńdọ̀nù ló ti dàgbà, ọdún 2005 sì ni ìwé náà jáde. Ọ̀rọ̀ ìbejì àti àbíkú ló kún inú rẹ̀. Olùkọ́ mi ní Gothic pọ́ńbélé ni. Èmi ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu mi ò sì gbà á pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí ìyá àgbà mi ń pè ní ọ̀rọ̀ ilé, ṣé òun ni mo fẹ́ lọ máa pè ní Gothic níwájú òyìnbó?

Ọmọ_Ṣàgámù

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ nípa iwin! Nínú ọ̀wọ́n gógó yìí! Àbúrò, màmá yín ò jẹ̀bi o. Owó ilẹ̀ yẹn ì bá ti ra Márúwá méjì.

Bàbá_Ìsọ̀_Ìwé

Ọmọ Ṣàgámù, ẹ̀fẹ̀ ò ní pa ọ́. Jẹ́ ká dá ọmọ lóhùn ná.

Àbẹ̀kẹ́, orúkọ yẹn ti rìn jìnnà kó tó dé orí ètè dúdú. Ẹ̀yà kan ni àwọn Goth, àwọn ni Alaric kó lẹ́yìn tí wọ́n fi kó ìlú Róòmù ní ọdún 410. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn ìyẹn kí àwọn ará Ítálì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì olórí ṣóńṣó tó wà káàkiri Yúróòpù pẹ̀lú ìríra. Vasari, tó kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn oníṣẹ́ ọnà, wà lára wọn, ìwé rẹ̀ jáde ní 1550. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn Goth ni, bí ará Èkó ṣe máa ń sọ pé "ará òkè ló ṣe é." Èébú ni. Àwọn Goth fúnra wọn ò mọ nǹkan kan nípa ilé wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá ti jọ́sìn ní Káthẹ́dírà Kírísítì ní Marina l'Ékòó, tí wọ́n parí ní 1946, ti jókòó lábẹ́ èébú yẹn, nítorí Norman Gothic ni àwọn tó mọ̀ nípa ilé ń pe ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ. Sọ èyí fún màmá rẹ ná.

Bí orúkọ náà ṣe bọ́ sórí ìtàn nìyí. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá, 1764, Horace Walpole tẹ ìwé kékeré kan jáde, The Castle of Otranto. Ọmọ olóyè ni, bàbá rẹ̀ ti ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ojú ń tì í, ló bá parọ́ síwájú ìwé: ó ní wọ́n rí i nínú ilé ìkówèésí ìdílé Kátólíìkì kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ ní Naples láti 1529. Ìwé tà wàràwàrà. Ìgbà tó rí i pé ó ń tà ló tó jẹ́wọ́. Ó tún un tẹ̀ ní 1765, ó sì fi "A Gothic Story" sí àkọlé.

Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: ọjọ́ ìgbéyàwó dé, gbogbo ilé ń retí ọkọ ìyàwó, ọmọ Manfred tó jẹ́ olórí ìlú. Ọkọ ìyàwó ò yọjú. Ìránṣẹ́ kan sáré wọlé, ẹnu rẹ̀ ń hó, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń na ọwọ́ sí àgbàlá. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n bá àṣíborí irin kan tó tóbi ju orí ènìyàn lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ìyẹ́ dúdú bò ó. Ọmọ wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti rún wómúwómú.

Ẹ sì mọ ohun tó fà á? Bàbá bàbá Manfred ló fún ẹni tó ni ilẹ̀ ní májèlé jẹ, tó ṣe ayédèrú ìwé ìhágún. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, Àbẹ̀kẹ́! Ẹni tó bá ti ta ilẹ̀ rí n'Íjẹ̀bú, kò nílò ọ̀mọ̀wé kankan láti túmọ̀ ìwé yẹn fún un.

Ìyá_Ìbejì_Twickenham

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ilé Walpole yẹn ò jìnnà sí wa rárá, Strawberry Hill. Mo kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ ní ìsinmi kan. Mo rò pé ilé ẹ̀rù ni mà á bá. Ilé funfun ni o! Funfun báláú bí ìyẹ̀fun.

Orí àtẹ̀gùn ni mo ti kọ́kọ́ rí nǹkan. Wọ́n kun ògiri rẹ̀ ní eérú-eérú, ó sì ń ṣe bàìbàì. Lórí òpó àtẹ̀gùn, àwọn ẹtu tí wọ́n fi igi gbẹ́ dúró, wọ́n fi ẹsẹ̀ iwájú di apata mú. Ẹni tó ń mú wa kiri ní Walpole kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní oṣù Kẹta 1765, ó ní òun lá àlá pé òun wà nínú ilé olódi àtijọ́ kan, òun wá rí ọwọ́ ńlá kan tó wọ irin, ó lé téńté sí òkè ibi tí wọ́n ń fọwọ́ rọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, kò mọ ohun tó fẹ́ sọ. Kò tó oṣù méjì tó fi parí ìwé.

A dé yàrá gbọọrọ kan lókè, àjà rẹ̀ funfun, góòlù ń dán lára rẹ̀ bí ti káthẹ́dírà. Mo lanu. Wọ́n ní kì í ṣe òkúta. Bébà ni! Bébà tí wọ́n rẹ, tí wọ́n lú pọ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù, tí wọ́n sì mọ bí ẹní mọ ìkòkò. Táyé mi ní, "Mọ́mì, àwa náà ṣe é nílé ìwé." Ibi ìdáná tó wà ní yàrá ìkàwé ńkọ́? Ibojì ọmọ ọba kan ní Westminster, John of Eltham, ni wọ́n wò tí wọ́n fi ṣe àwòṣe rẹ̀. Ẹ gbà mí, ta ló ń yáná lẹ́nu ibojì?

Gbọ̀ngán_Kẹta

Ilé ìkàwé yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ mi ni ìwé àtìgbàdégbà àwọn ẹgbẹ́ yìí ń gbà kọjá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

Ọdún 1991 ni wọ́n dá IGA sílẹ̀, ní Yunifásítì East Anglia tó wà ní Norwich. Allan Lloyd Smith ni ààrẹ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tó kú, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ìwé ìwádìí tó bá dára jù. Láti 1999 ni wọ́n ti ń tẹ Gothic Studies. Ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Manchester ló kọ́kọ́ ń tẹ̀ ẹ́, Edinburgh ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Àpéjọ wọn kì í dúró síbì kan: wọ́n ṣe é ní Heidelberg ní 2011, ní Cholula ní Mẹ́síkò ní 2017, ní Manchester ní 2018.

Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ kò ju èyí tí ẹ máa bá ní àpéjọ àwọn olùkọ́ ìmọ̀ èdè lọ. Èèyàn mẹ́ta jókòó sídìí tábìlì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ka iṣẹ́ tirẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, alága ń wo aago, ẹnìkan nínú àwùjọ dìde pé òun ní ìbéèrè, kò sì ní ìbéèrè, tirẹ̀ ló fẹ́ sọ. Tíì ti tutù kí wọ́n tó parí.

Ìdí tí wọ́n fi nílò ẹgbẹ́ ni pé, fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ò ka irú ìwé yìí sí. Wọ́n ní ìwé àwọn ọmọbìnrin tí kò níṣẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ £500 ni wọ́n san fún Ann Radcliffe lórí The Mysteries of Udolpho ní 1794, owó ńlá ni nígbà yẹn. Òun ló ya ẹ̀rù sọ́tọ̀ kúrò lára ìpayà: ó ní ẹ̀rù ohun tí a ò tíì rí a máa la ọkàn, ìpayà ohun tó ti wà níwájú ẹni a máa mú un gan. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1826, ni ọ̀rọ̀ yẹn jáde. David Punter kọ ìwé ńlá kan lórí gbogbo ìtàn yìí ní 1980, ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Lónìí, ẹ lè gboyè lórí rẹ̀: Stirling ń kọ́ ọ láti àwọn ọdún 1990, Manchester Metropolitan sì ní ibùdó ìwádìí fún un.

Torí náà, Àbẹ̀kẹ́, ẹ sọ fún mọ́mì pé ẹgbẹ́ àwọn tó ń ka ìwé ni, wọn kì í bọ nǹkan kan.

Ọmọ_Ṣàgámù

Ó dáa, mo gbọ́. Àwọn alétè dúdú yẹn ńkọ́ o? Ibo ni wọ́n ti wọlé? Nítorí àwọn ni Màmá Àbẹ̀kẹ́ rí.

Adé_Bolton

Àwọn yẹn, orin ló bí wọn, ní ìparí àwọn ọdún 1970. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ irú orin kan ni, wọ́n fẹ́ràn aṣọ dúdú, wọ́n sì ń ka ìwé tí ẹ ń sọ yìí. Láti 1994 ni wọ́n ti ń pàdé ní Whitby lẹ́bàá òkun, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ òkun Dracula gúnlẹ̀ sí nínú ìwé Bram Stoker, 1897. Ẹ máa rí ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ nínú aṣọ dúdú, wọ́n jọ ń jẹ ẹja díndín àti ànàmọ́ díndín létíkun. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ń kọ nípa wọn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ má bínú o, mi ò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìlú Bacup ò jìnnà sí wa. Ní oṣù Kẹjọ 2007, àwọn ọmọkùnrin kan na Sophie Lancaster àti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ nínú ọgbà ìtura níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ò bá ẹnikẹ́ni jà, wọn ò gba nǹkan ẹnikẹ́ni. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ nìkan ni. Sophie gbé orí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ sórí itan, ó ń bẹ wọ́n, ni wọ́n bá yíjú sí òun náà. Ọmọ ogún ọdún ni. Ó kú kí oṣù yẹn tó parí. Láti 2013 ni ọlọ́pàá Greater Manchester ti ń ka irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ mọ́ ìwà ọ̀daràn ìkórìíra, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ka ti ẹ̀yà àti ti ẹ̀sìn.

Ọmọ_Ṣàgámù

Háà. Mi ò mọ̀. Ẹ forí jì mí.

Àjàyí_Bristol

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ti sọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹ ti sọ̀rọ̀ aṣọ. Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ owó. Ta ló ń sanwó bébà tí wọ́n fi ṣe àjà?

N ò ní sọ ti Walpole. Ẹ jẹ́ ká mú William Beckford, ẹni tó kọ Vathek, tó jáde ní 1786. Oko ìrèké ní Jàmáíkà ni ọrọ̀ ìdílé wọn ti wá. Bàbá rẹ̀ jẹ olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọdé ni nígbà tó jogún. Ó fi owó yẹn kọ́ Fonthill Abbey ní Wiltshire. Ẹ gbọ́ "abbey," ẹ rò pé àwọn mọ́ńkì gbé ibẹ̀ rí? Rárá o, ilé tirẹ̀ ni, ó kàn fẹ́ kó jọ ti àwọn mọ́ńkì. Ilé gogoro àárín rẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 84. Nígbà tí owó ìrèké ń gbẹ, ó tà á ní 1822. Ní 1825, ilé gogoro wó lu ilé.

Ẹ wá mú Matthew Lewis. Ogún ọdún péré ni nígbà tí The Monk jáde ní 1796, gbogbo Lọ́ńdọ̀nù gbọ̀n. Obìnrin kan wà nínú ìwé náà, Agnes, tí wọ́n tì mọ́ inú ihò abẹ́ ilẹ̀ ilé àwọn nọ́ọ̀nù pẹ̀lú òkú ọmọ tó bí síbẹ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn òǹkàwé, wọ́n ń sunkún Agnes. Bàbá Lewis kú ní 1812, oko méjì ní Jàmáíkà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, tòun ti àwọn ẹrú tó wà nínú wọn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ tó bẹ́ẹ̀, nípa ẹni tí kò lè jáde! Ó lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó ń bọ̀ ní 1818, ibà pọ́njú pa á lójú òkun. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ju pósí rẹ̀ sómi, irin tí wọ́n so mọ́ ọn já, atẹ́gùn kó sínú aṣọ tí wọ́n fi dì í, ó wú bí ìgbòkun, pósí sì gbéra, ó forí lé ọ̀nà Jàmáíkà padà. Bóyá òótọ́ ni, bóyá àwọn atukọ̀ ló hun ún. Ìwé ìrántí ìrìn àjò rẹ̀ jáde ní 1834, ọdún tí òfin tó fòpin sí oko ẹrú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àti Jane Eyre, ìwé Charlotte Brontë, 1847. Ta ni wọ́n tì mọ́ òkè àjà? Ìyàwó tí wọ́n fẹ́ ní Jàmáíkà, tòun ti owó rẹ̀.

Bàbá_Ìsọ̀_Ìwé

Àjàyí, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára. Mo ka The Monk ní yunifásítì, kò sẹ́ni tó sọ èyí fún wa.

Ọmọ_Ṣàgámù

Ìbéèrè gidi ni mo ní báyìí, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìtàn ẹ̀rù, iwin, òkú tó ń rìn ni Gothic, ṣebí Fágúnwà ti ṣe é tán? 1938, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Kí ló kù tí IGA ò fi fún bàbá wa ní ẹ̀bùn tiwọn?

Bàbá_Ìsọ̀_Ìwé

Rárá. Ibẹ̀ yẹn ni mo ti fẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ ṣọ́ra.

Nígbà tí mo ń kàwé, olùkọ́ wa kan (kò sí níbí láti gbèjà ara rẹ̀, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní dárúkọ ilé ìwé) kọ ọ́ sí etí iṣẹ́ mi pé ti Fágúnwà jẹ́ "Gothic tí kò tíì jinná." Ó dùn mí fún odidi ọdún kan kí n tó rí èsì.

Ẹ wò ó. Ní àwọn ọdún 1530, Ọba Henry Kẹjọ tú ilé àwọn mọ́ńkì ká jákèjádò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ta ilẹ̀ wọn fún àwọn ọlọ́lá. Ẹ̀sìn tuntun ní kò sí pọ́gátórì, ibi tí òkú ti ń dúró de àdúrà alààyè, mọ́, pé bí ènìyàn bá kú, ó kú náà ni, kò níbi tó ti lè padà wá bẹ̀bẹ̀ fún àdúrà. Wọ́n gba ilé lọ́wọ́ òkú, wọ́n tún ní kò sí òkú. Igba ọdún lẹ́yìn náà, àwókù ilé wà káàkiri oko, ọmọ àwọn tó ra ilẹ̀ ń gbé nítòsí rẹ̀, wọn ò sùn dáadáa. Ohun tí wọ́n ní kò sí mọ́ yẹn ló ń kan ilẹ̀kùn nínú ìwé wọn. Ìdí nìyí tó fi ń dẹ́rù bani: kò yẹ kó wà.

Ta ni kò yẹ kó wà nínú Igbó Irúnmalẹ̀? Àkàrà-ògùn mọ̀ kó tó kúrò nílé pé àwọn tó nibẹ̀ wà nílé. Nígbà tí òun àti Àgbákò wàyá ìjà, kò ní "mi ò gbà pé o wà." Ó ń wá ọ̀nà tó máa gbà dá a ni! Ẹ̀rù wà níbẹ̀, mi ò sọ pé kò sí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àdúgbò ni, bí ẹ̀rù odò tó ń kún. Inú igbó lọ́hùn-ún ló wà, kò sápamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnikẹ́ni.

Gbọ̀ngán_Kẹta

Bàbá, mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó wà nínú ìmọ̀ yìí náà ń jà lé e lórí. Glennis Byron, tó kọ́ wọn ní Stirling, ṣe àkójọ ìwé kan ní 2013 tó pè ní Globalgothic, ìbéèrè yìí gan-an ló wà nídìí rẹ̀: ṣé Gothic rìn láti Yúróòpù dé ibòmíì ni, àbí àwọn ènìyàn ibòmíì ti ní nǹkan tiwọn tó kàn jọ ọ́? Ẹ ò ní jẹ́ àlejò níbẹ̀, Àbẹ̀kẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Twickenham

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ilé kún un, ọ̀rọ̀ ìwé ò pọ̀ lẹ́nu mi.

Ìlá Ọ̀ràngún ni ìyá ìyá mi. Ìbejì ló bí, Táyé kú, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n mọ́mì mi. Wọ́n gbẹ́ ère fún Táyé. Mo bá a nílé nígbà tí mo wà ní kékeré. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí fífọ̀ àti fífi osùn pa á. Imú rẹ̀ ti di pẹrẹsẹ. Bí ìyá bá se ẹ̀wà, wọ́n á bu díẹ̀ sínú àwo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tepotepo. Àwa ọmọdé máa ń dúró kó pẹ́ díẹ̀, a ó wá jẹ ẹ̀wà Táyé. Wọ́n mọ̀, wọn kì í bá wa wí. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù rẹ̀. Kẹ́hìndé a máa bá a sọ̀rọ̀ kó tó lọ sọ́jà!

Mo wá ka ìwé Oyeyemi yẹn nítorí orúkọ rẹ̀, mo sì rò pé mà á bá ìyá mi níbẹ̀. Mi ò lè sùn lálẹ́.

Àbẹ̀kẹ́_Gègé

Ìyá Ìbejì! Ẹ ti ṣí nǹkan fún mi.

Fún ẹni tí kò kà á: ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Jessamy. Ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, bàbá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gbé. Wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn, sí ilé bàbá àgbà. Nínú ilé ẹ̀yìn tí kò sẹ́ni tó ń gbé e mọ́ ló ti pàdé ọmọbìnrin kan tó pè ní TillyTilly. Ẹnìkan ò rí i àfi òun. TillyTilly bá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ sì ni ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹnu TillyTilly ni Jess ti gbọ́ pé ìbejì ni òun, pé èkejì òun kú nígbà tí wọ́n bí wọn. Àwọn òbí rẹ̀ ò sọ fún un. Wọn ò gbẹ́ ère. Wọn ò bu ẹ̀wà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyẹn ni pé ìbejì kọ́ ló sọ ìwé náà di Gothic. Pípa tí wọ́n pa ìbejì mọ́ ni. Àwọn òbí Jess ṣe ohun tí Henry ṣe: wọ́n ní kò sí. Ohun tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé n'Íbàdàn di ẹ̀rù nígbà tó dé ilé tí wọn ò ti fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bàbá àgbà ló mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, òun ló wá ní kí wọ́n gbẹ́ ère. Bàbá Ìsọ̀ Ìwé, ṣé mo gbọ́ yín yé?

Bàbá_Ìsọ̀_Ìwé

O gbọ́ mi yé ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ.

Káyọ̀dé_Ìlọrin

Ẹ̀gàn ni hẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwa kì í pa òkú mọ́. Àkúdàáyà ńkọ́?

Ọkùnrin kan kú, wọ́n sin ín. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó ń ṣòwò ní ìlú mìíràn. Ó ti fẹ́yàwó, ó ti bímọ, ó ń san owó orí. Ìyàwó ò mọ̀. Kì í bá ìyàwó lọ sí òde tí èrò ìlú rẹ̀ lè wà. Ọjọ́ kan, ará ilé kan yà lọ́jà, ó ní, "Ṣé kì í ṣe lágbájá nìyí?" Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, yàrá ti ṣófo, aṣọ wà lórí ìkọ́. Nígbà tí ìyàwó gbé ọmọ dé ìlú tí wọ́n júwe fún un, ibojì ni wọ́n mú un lọ wò.

Inú ilé ni òkú yẹn wà, kò sí nínú igbó kankan. Ó sápamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì gan-an, ìyàwó rẹ̀ ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Bí èyí ò bá jẹ́ ohun tí àwọn IGA ń wá, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Bàbá_Ìsọ̀_Ìwé

Káyọ̀dé, o mú mi. Mo dákẹ́.

Rárá, ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un. Nínú ìtàn tìrẹ, òkú ló ń sá fún alààyè. Nínú tiwọn, alààyè ló ń sá. Àbẹ̀kẹ́, fi ìyẹn sínú iṣẹ́ rẹ, kó o rí ohun tí wọ́n máa sọ.

Ọmọ_Ṣàgámù

Ẹ̀yin ará yìí, iná ti lọ ládùúgbò wa, èmi nìkan ni mo wà nílé, ẹ sì ń sọ ọ̀rọ̀ àkúdàáyà. Onílé mi ò fẹ́ ká ya fọ́tò òun rí. Ẹ jọ̀ọ́ o.

Àbẹ̀kẹ́_Gègé

😂 Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ wo ìka ẹsẹ̀ onílé.

Mo ti kọ àkópọ̀ náà, ọ̀ọ́dúnrún ọ̀rọ̀ géérégé. Ère ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀wà wà nínú rẹ̀ (Ìyá Ìbejì, mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ yín, mi ò dárúkọ ìlú). Mo fi àkúdàáyà parí rẹ̀, mi ò sì túmọ̀ rẹ̀. Mo kọ ọ́ bó ṣe wà, tàmìtàmì, kí wọ́n bi mí.

Mo pe mọ́mì láàárọ̀ yìí. Mo ṣàlàyé àṣíborí, májèlé, ayédèrú ìwé ìhágún. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Àwọn ọmọ ẹni tó ni ilẹ̀ wá gbà á padà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àgbẹ̀ kan tó wà ní abúlé ni àrólé rẹ̀, òun ló padà jọba. Wọ́n ní, "Ehn-ehn. Ìwé gidi nìyẹn." Wọ́n wá bi mí bóyá aṣọ dúdú ni wọ́n ní ká wọ̀ wá. Mo ní rárá, àǹkárá ni mo fẹ́ wọ̀.

Wọ́n ní kí n mú gèlè dání.